Ìdílé Kan, Ojú Kan: Bí A Ṣe Lè Gbé Àwòrán Fóònù Bọ́ Sójú Tẹlifíṣọ̀n



Ní àwọn ọdún 1990, bí ilé kan bá ní tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò, gbogbo àgbàlá ni í mọ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, àwọn ọmọdé a tò jókòó sórí ẹní, àwọn àgbà a dúró sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn a sì jọ wo kásẹ́ẹ̀tì kan náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe wo eré Agbára Ńlá tí ẹgbẹ́ Mount Zion ṣe. Bí ọmọ kan bá ní ìbéèrè, àgbà wà níbẹ̀ tí yóò dá a lóhùn. Bí ohun tí kò yẹ bá sì jáde, àgbà wà níbẹ̀ tí yóò pa á.

Lónìí, ohun tí a lè wò ti pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ń dá wò. Bàbá ń wo tirẹ̀ lórí àga, ìyá ń wo tirẹ̀ nídìí ààrò, ọmọ sì ti gbé tirẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ ìbora. Inú yàrá kan ni wọ́n wà, síbẹ̀ wọn kò jọ rí ohun kan náà. Nígbà tí ìjọba sì ní kí a jókòó sílé ní Èkó láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló kó orí jọ sórí fóònù kékeré kan láti wo ìsìn, tí tẹlifíṣọ̀n ńlá sì wà lára ògiri láìṣe ohunkóhun.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Fóònù ní ohun tí a fẹ́ wò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kéré. Tẹlifíṣọ̀n ní ojú tó tóbi, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ wò kò sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn méjèèjì ṣe lè ran ara wọn lọ́wọ́, láìjẹ́ pé a ná owó tí kò yẹ.

KÍ Ẹ TÓ RA OHUNKÓHUN

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín wò. Bí ẹ bá rí ihò pẹlẹbẹ tí a kọ HDMI sí lára, ọ̀nà yín gbòòrò. Bí ó bá jẹ́ ihò róbótó mẹ́ta nìkan ló wà, pupa, funfun àti yẹ́lò, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni, ẹ óò sì nílò ẹ̀rọ kékeré kan tí í sọ àwòrán HDMI di ti oníhò mẹ́ta. Ẹ tún wo bóyá ihò USB wà níbẹ̀.

Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá èbúté Àpápá mọ̀ pé tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà. Kí ẹ tó sanwó fún un, ẹ ka ohun tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ ti iná 120 fóòtì nìkan, 220 sí 240 sì ni tiwa. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, ó lè jóná.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: FLÁÀṢÌ

Èyí ni owó rẹ̀ kéré jù. Bí fídíò tàbí fọ́tò náà bá ti wà nínú fóònù, ẹ dà á sínú fláàṣì tí í wọ ihò fóònù, kí ẹ sì kì í bọ ihò USB tẹlifíṣọ̀n. Kò gba dátà, kò gba Wi-Fi. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ ti fi pamọ́ nìkan lẹ lè wò. Ìsìn tó ń lọ lọ́wọ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀NÀ KEJÌ: OKÙN

Okùn kan wà tí í ti ihò fóònù lọ sí HDMI tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó bá wà lójú fóònù ni yóò hàn, kì í sì í falẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ owó nù. Bí ihò fóònù méjì tilẹ̀ jọra, iṣẹ́ wọn lè yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú, iná àti fáìlì nìkan ni ihò náà ń gbé, kò lè gbé àwòrán jáde. Àwọn Galaxy S ti Samsung láti orí S8 ti ọdún 2017 lè gbé e. iPhone 15 ti ọdún 2023 náà lè gbé e. Àwọn iPhone tó ṣáájú rẹ̀, láti orí iPhone 5 dé orí 14, ní irú ìsopọ̀ tiwọn tí a ń rà lọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ gbé fóònù yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìbáà ṣe ní Boundary tàbí ní Alábà, kí wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀NÀ KẸTA: LÁÌSÍ OKÙN, LÁÌSÍ DÁTÀ

Ní ọdún 2012 ni ọ̀nà tí a ń pè ní Miracast jáde. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà lójú afẹ́fẹ́. Lórí fóònù, ẹ lè rí i pẹ̀lú orúkọ bíi Screen Mirroring, Smart View tàbí Cast. Bí ohun tí ẹ fẹ́ wò bá ti wà nínú fóònù, kò ní jẹ dátà kankan. Bí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá ní irú rẹ̀ nínú, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń kì bọ HDMI tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. iPhone kò lo Miracast. AirPlay ni tirẹ̀, ó sì ń bá Apple TV àti ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ṣiṣẹ́.

Ọ̀NÀ KẸRIN: CAST

Google gbé Chromecast jáde ní ọdún 2013. Wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe é láti ọdún 2024, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà lórí Wi-Fi kan náà. Níbi tí Wi-Fi kò bá sí, fóònù kan lè ṣí hotspot, kí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù kejì wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àmì Cast lórí YouTube, fóònù kò ní fi àwòrán ránṣẹ́. Ó kàn ń sọ ibi tí àwòrán wà fún tẹlifíṣọ̀n ni, tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ yóò sì lọ mú un wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè gba ìpè nígbà tí àwòrán ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ dátà yín. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ràn àwòrán tó mọ́ jù. Dátà tí ì bá tó fún ìsìn wákàtí méjì lójú fóònù lè tán kí oníwàásù tó ka ẹsẹ Bíbélì rẹ̀. Ẹ wá ibi tí a kọ Quality sí, kí ẹ mú 480p tàbí 360p dípò 1080p.

Ẹ ṢỌ́ ÀṢÍRÍ YÍN

Bí ẹ bá lo okùn tàbí Miracast, gbogbo ohun tó bá jáde lójú fóònù ni gbogbo ilé ń rí: ìkíni ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya, iye owó tó wọlé sí báńkì, àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì fi ránṣẹ́. Ẹ tan Do Not Disturb kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá dúdú nígbà tí ẹ ṣí ètò báńkì tàbí ti àwọn tó ń ta fíìmù, ẹ má pe oníṣẹ́. Àwọn tó ni ètò náà ló dí i bẹ́ẹ̀.

Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, ẹ rántí pé Wi-Fi kò mọ ògiri. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta lè jẹ́ orúkọ kan náà nínú àgbàlá kan, kí àwòrán yín sì jáde ní yàrá aládùúgbò. Ẹ yí orúkọ tẹlifíṣọ̀n yín padà, kí ẹ sì ní kí ó máa béèrè nọ́ńbà tàbí àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé.

Ẹ̀yin òbí, ìgbà tí iná bá wà ni kí ẹ lò ó. Ẹ mú alẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù so ó fún yín, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí àwọn fóònù yòókù sinmi. Ẹ jọ wò, ẹ jọ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ohun tí kò yé wọn. Ìbéèrè tí ọmọ kò rí ẹni bi nílé, ẹni tí ẹ kò mọ̀ ni yóò bá a dáhùn rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.