Orí Ẹfọ̀n Nínú Àpótí: Kí Ni A Ń Sanwó Lé Lórí?

Ilé ọdẹ ní ilẹ̀ wa kì í ṣàìní ìwo ẹran lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ọdẹ òyìnbó tí ń wá sí Áfíríkà a máa fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹran títí dé èjìká ni wọ́n ń fẹ́ gbé kọ́, pẹ̀lú etí, imú àti irun rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan ni yóò bọ́ awọ ẹran náà, tí yóò tọ́jú rẹ̀ kí ó má bàa jẹrà, tí yóò sì fi bo ère fífúyẹ́. Ojú tí ẹ ń rí níbẹ̀, gíláàsì ni.

Iṣẹ́ náà wọ́n. Ṣùgbọ́n owó tí yóò gbé e sọdá òkun ni ó máa ń ya ẹni tí ó ni ín lẹ́nu jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi orí ẹfọ̀n ṣe àpẹẹrẹ. Ìwo rẹ̀ kò ṣeé ká, etí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà yóò kan àpótí tí ó gùn ní 120 sẹ̀ǹtímítà, tí ó fẹ̀ ní 100, tí ó sì ga ní 100. Yóò de orí náà mọ́ àpótí láti ẹ̀yìn, kí imú àti ìwo má bàa kan pákó níbikíbi. Ká ní àpótí àti orí wọn 70 kílò.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù kì í wo ìwọ̀n nìkan. Wọn a sọ gígùn, ìbú àti gíga di púpọ̀, wọn a sì fi 6000 pín in. Ti àpótí wa yìí jẹ́ 200. Èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú 70 àti 200 ni wọn yóò gbowó lé. Bí kílò kan bá jẹ́ 3000 fránkì, ẹni tí ó rò pé 210 000 ni òun yóò san yóò bá 600 000 pàdé. Owó afẹ́fẹ́ inú àpótí ni 390 000 tí ó lé! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí fún ẹni tí ń fi ìlù ńlá ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Paris.

Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń kó awọ àti ìwo lọ lásán, kí wọ́n tó ṣe ère rẹ̀ ní ìlú wọn. Awọ ṣeé ká. Roosevelt, ẹni tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1909: ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù iyọ̀ ni ó kó wá sí ìlà-oòrùn Áfíríkà láti fi tọ́jú awọ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí Washington.

Pákó àpótí pàápàá ní òfin tirẹ̀. Kí kòkòrò má bàa bá a wọ igbó ẹlòmíràn, a gbọ́dọ̀ fi iná mú un gbóná dé ìwọ̀n 56, títí dé àárín rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 30, kí a sì lu òǹtẹ̀ sí i lára. Pákó pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ fi àtè lẹ̀ ní ìpele ìpele bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Èmi ìbá yàn án.

Ìwé àṣẹ ni ó kù. Láti 1975 ni àdéhùn Washington ti ń ṣọ́ òwò ẹranko tí ó ń tán lọ. Ti ẹkùn le jù: ìlú tí ó ti ń lọ àti ìlú tí ó ń lọ ni yóò fún un ní ìwé. Bí ọ̀kan bá kù, àwọn aṣọ́bodè lè gbẹ́sẹ̀ lé e, owó àpótí àti owó ọkọ̀ yóò sì ti lọ.