Àyẹ̀wò Àtúnṣe Òǹkà Àkókò Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà Àjùmọ̀ní

Ọjà ọrún kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Bí wọ́n bá ná ọjà lónìí, òní gan-an ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn òru mẹ́rin péré ni ọrún pé. Ẹni tí ó bá fi ọ̀la bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yóò dé ọjà ní ọjọ́ kejì tí èrò ti tú ká. Kì í ṣe pé kò mọ òǹkà. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò bá ti àwọn yòókù mu. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń bá òǹkà àkókò inú kọ̀ǹpútà.

Ní 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Fínláńdì, gbé ètò tí à ń pè ní Linux jáde. Ètò àjùmọ̀ní ni: ẹnikẹ́ni lè ka ohun tí a kọ sínú rẹ̀, ó sì lè fi àtúnṣe ránṣẹ́. Òun ni ìpìlẹ̀ Android, tí ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń tà ní ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ ń lò. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbà tàbí Òkòkòmáíkò, kí ó sì tún àṣìṣe ṣe fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò ní wọlé àfi bí alábòójútó bá yẹ̀ ẹ́ wò. Lára àwọn tí ń bójú tó ẹ̀ka àkókò ni Thomas Gleixner, ọmọ Jámánì.

Kí ni olùyẹ̀wò ń wá? Kò tó kí ẹni tí ó ṣe àtúnṣe wí pé ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ òun. Òǹkà kọ̀ǹpútà ní òpin, bí aago ṣe ń dé 12 tí ó sì ń padà sí 1. Bí a bá dá àdéhùn aago 2 ọ̀sán nígbà tí aago lu 11, ẹni tí ó wo nọ́ńbà nìkan yóò rò pé àdéhùn ti kọjá, nítorí 11 ju 2 lọ. Òǹkà bíìtì 32 tí ń ka ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá yóò padà sí òdo lẹ́yìn ọjọ́ 49 àti wákàtí 17. Ẹni tí iná mànàmáná ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè rí àṣìṣe yìí. Ìdí nìyí tí Linux fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà rẹ̀ níbi tí ó ku ìṣẹ́jú 5 kí ó yí po, kí àṣìṣe má baà fara pamọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní òru tí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2012 parí, wọ́n fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún àkókò gbogbo ayé. Aago kan òru fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ní Èkó nígbà náà. Ẹ̀ka kan nínú Linux mọ̀ sí i, èkejì kò mọ̀. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó sinmi fún ìgbà díẹ̀ ń jí lójú ẹsẹ̀, léraléra, títí ó fi wọ ẹ̀rọ lọ́rùn. Reddit wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró. John Stultz ni ó kọ àtúnṣe rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọlé.

Òmíràn ṣì ń bọ̀. Ní aago 4:14:07 ìdájí ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní 2038 ní Èkó, òǹkà bíìtì 32 tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti 1970 yóò dé òpin. Ẹ̀rọ tí a kò bá tún ti rẹ̀ ṣe yóò rò pé 1901 ni òun wà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dá àtúnṣe padà fún akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ìwọ̀sí. Kí olùkọ́ kọ́ ọ láti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́: kí ni ó bàjẹ́? Báwo ni ẹlòmíràn ṣe lè fojú ara rẹ̀ rí i? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí òǹkà bá yí po?