Pọ́ǹpù Oníná Inú Kànga Epo: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yàn Án àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ìwọ̀n Rẹ̀

Nígbà tí kànga epo rọ̀bì bá ṣì jẹ́ tuntun, ìfúnpá inú àpáta ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lè pọ̀ tó láti ti epo dé òkè láìsí ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí omi sì ń dara pọ̀ mọ́ epo, ìfúnpá náà a máa rẹlẹ̀, epo a sì dúró sí agbedeméjì kànga láìlè gòkè mọ́. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fà á jáde ni pọ́ǹpù oníná tí wọ́n ń rì sínú kànga. Ìbátan ni ó jẹ́ fún súmò tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn àti Èkó fi ń fa omi bọ́hóólù, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ le ju ti súmò lọ fíìfíì, nítorí pé inú ooru, iyanrìn àti gáàsì ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Armais Arutunoff, ẹni tí wọ́n bí sí ìlú Tiflis ní ọdún 1893, ni ó dá irú ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1923, ilé iṣẹ́ Phillips Petroleum tì í lẹ́yìn, wọ́n fi pọ́ǹpù rẹ̀ sínú kànga ní pápá epo El Dorado ní ìpínlẹ̀ Kansas kí àwọn ọdún 1920 tó parí, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Bartlesville, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, sì di REDA ní ọdún 1930. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń to ẹ̀rọ náà ni pé mọ́tò, ìyẹn apá tí iná mànàmáná ń yí, wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orí rẹ̀ ni apá tí kì í jẹ́ kí omi kànga wọ inú mọ́tò wà. Ẹnu tí epo ń gbà wọlé ni ó tẹ̀ lé e. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ sì wà lókè, ní ìdí páìpù tí epo ń gbà gòkè, tí wáyà iná sì bá páìpù náà rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kànga ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé tí wọ́n fi ń ta pọ́ǹpù. Wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀ nígbà tí ó wà ní títì, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n nígbà tí epo ń ṣàn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò sì fi hàn bí kànga náà ṣe lawọ́ tó. Bí ìfúnpá rẹ̀ ní títì bá jẹ́ pọ́n-ùn 2,000 lórí ínṣì kan níbùú-lóròó, tí ó sì wálẹ̀ sí 1,500 nígbà tí àgbá 1,000 ń jáde lójúmọ́, a jẹ́ pé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dín nínú ìfúnpá náà yóò mú àgbá méjì wá, nítorí náà bí pọ́ǹpù bá fà á wálẹ̀ dé 1,000, àgbá 2,000 ni kí wọ́n máa retí. Ìṣirò yìí péye níwọ̀n ìgbà tí gáàsì bá ṣì wà ní yíyọ́ nínú epo. Bí ìfúnpá bá ti rẹlẹ̀ dé ibi tí gáàsì ti ń ya kúrò lára epo, èrè fífà á wálẹ̀ a máa dín kù, ìlànà tí Vogel gbé jáde ní ọdún 1968 sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò fún irú kànga bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ṣírò gíga tí pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ gbé epo dé. Bí kànga àpẹẹrẹ yìí bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 7,500 dé ibi tí epo ti ń wọ inú rẹ̀ láti ara àpáta, tí ìwúwo àdàpọ̀ epo àti omi inú rẹ̀ sì jẹ́ 0.9 ti omi lásán, ìfúnpá 1,000 tí ó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ yóò gbé àdàpọ̀ náà ró tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,570, tí ó túmọ̀ sí pé pọ́ǹpù ni yóò gbé e rin ẹsẹ̀ bàtà 4,930 yòókù. Wọ́n á fi nǹkan bí 230 kún un fún agbára tí epo ń pàdánù bí ó ti ń ha ara páìpù, wọ́n á tún fi 510 kún un fún ìfúnpá 200 tí wọ́n fẹ́ kí epo ní lẹ́nu kànga. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,670. Inú pọ́ǹpù kún fún ìpele tí wọ́n tò léra, tí ìpele kọ̀ọ̀kan ní abẹ̀bẹ̀ tí ń yí, tí ó ń fún epo ní eré, àti àwo tí kì í yí, tí ó ń sọ eré náà di ìfúnpá. Bí ìpele kan bá lè gbé epo sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 35 nígbà tí àgbá 2,000 ń kọjá lójúmọ́, ìpele 162 ni wọn yóò nílò, mọ́tò rẹ̀ yóò sì fẹ́ tó agbára ẹṣin 116, bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí pọ́ǹpù ń gbà bá ń di iṣẹ́.

Ibi tí iná ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùrà ti la ojú rẹ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán atọ́ka tí ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ jáde dá lórí iná Amẹ́ríkà, tí ń yí padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí pọ́ǹpù sì ń fi yí ní bíi ìgbà 3,500 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ìgbà 50 ni ti Nàìjíríà. Bí wọ́n bá gbé pọ́ǹpù onípele 162 náà sórí iná 50, epo tí ó lè fà yóò dín kù sí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n gíga tí ó lè gbé e dé yóò já sí ìdá 69 péré, nítorí pé eré lọ́nà eré ni gíga ń tẹ̀ lé. Epo lè má dé ẹnu kànga rárá. Ẹ̀rọ tí ń pààrọ̀ eré iná lè tún un ṣe, ó sì wúlò púpọ̀ bí kànga bá ń yí padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé agbára tí mọ́tò ń fẹ́ ń tẹ̀ lé eré lọ́nà eré lọ́nà eré: bí eré bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé, agbára yóò fi ìdá 33 lé.

Ohun mìíràn tí ó yẹ ní wíwò ni gáàsì tí kò yọ́, èyí tí ó máa ń kó sínú abẹ̀bẹ̀ títí pọ́ǹpù kò fi ní lè fa nǹkan kan mọ́, tí ó fi jẹ́ pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí ń ya gáàsì sọ́tọ̀ sí ẹnu rẹ̀. Mọ́tò pẹ̀lú kò ní ohun mìíràn tí ń tù ú lára ju epo tí ń kọjá lára rẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí epo náà máa sáré tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi mọ́tò sókè ibi tí epo ti ń wọ inú kànga láti ara àpáta, tàbí kí wọ́n fi agolo gígùn yí i ká. Wáyà náà ń jẹ nínú iná tí ó ń gbé, fólítì tí wọ́n ń rán láti òkè sì gbọ́dọ̀ ju èyí tí mọ́tò ń fẹ́ lọ.

Pọ́ǹpù tí ó tóbi ju kànga lọ kì í mú epo púpọ̀ wá. Ó máa ń fa kànga gbẹ, epo tí ń kọjá kò ní tó láti tu mọ́tò lára, abẹ̀bẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí àwọn òrùka tí ó jókòó lé yóò fi jẹ tán. Èyí tí ó kéré jù náà ń jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ gbéra sókè, kí ó máa ha òdìkejì. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń fa páìpù jáde ni wọn yóò gbé wá, epo yóò dúró, owó rẹ̀ sì lè ju owó pọ́ǹpù lọ. Kí ẹni tí yóò buwọ́ lu owó pọ́ǹpù jọ̀wọ́ béèrè àyẹ̀wò kànga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kí ó sì kà á, kí ó tó gbé bírò.