Ọjọ́ Tí Ọmọ Lò Nílé, Ọjọ́ Tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì Ń Kà

Bí bàbá bá kú ní Kétu, kì í pẹ́ tí ìròyìn fi ń dé Lọ́ńdọ̀nù. Tẹlifóònù a dún, àkọ́bí a gbọ́, wọn a sì bi í léèrè ọjọ́ tí yóò dé. Kò sí ẹni tí ń béèrè ọjọ́ tí yóò padà. Bí ìdílé náà bá jẹ́ ti Mùsùlùmí, àdúrà ọjọ́ kẹjọ wà níwájú, ti ogójì ọjọ́ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni àkọ́bí tí yóò ṣe ti àkọ́kọ́ tí kò ní dúró ṣe èkejì? Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbèrò láti di ọmọ orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ni wọn yóò kà nígbà tí ó bá mú ìwé rẹ̀ lọ.

Ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Kétu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Faransé ni ìjọba wa fi ń kọ̀wé. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn ṣe ní 1889 ni ó fi Kétu sí ọwọ́ Faransé, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ààlà pín ilẹ̀, kò pín ẹbí. Nítorí náà ni àwọn ọmọ Kétu kan fi gba ọ̀nà Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn kò gba ti Páríìsì.

Òfin tí ó ń ṣe àkóso ọ̀ràn yìí ni òfin jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ti 1981, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1983. Àlejò tí ó bá fẹ́ di ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 5. Láàárín ọdún 5 náà, ọjọ́ tí kò fi sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 450 lọ. Nínú oṣù 12 tí ó kẹ́yìn, kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 ni tirẹ̀, pẹ̀lú 270 ọjọ́. Ti oṣù 12 ìkẹyìn kò yí padà. Ó tún ku ohun kan tí ó rọrùn láti gbàgbé: ẹni náà gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún 5 tàbí ọdún 3 náà. Nínú ìṣirò yìí, ọjọ́ ìsìnkú àti ọjọ́ fàájì, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kíka ọjọ́ lọ́dọ̀ wa àti kíka ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn kò bára mu. Ọjà tí ó ń fo ọjọ́ mẹ́ta kí á tó tún ná an, ọrún ni Yorùbá ń pè é, nítorí pé a ka ọjọ́ tí a ná an, a sì tún ka ọjọ́ tí a óò padà ná an. Iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Home Office kì í ka èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọn kì í ka ọjọ́ tí ènìyàn gbéra kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í sì í ka ọjọ́ tí ó padà dé. Odindi ọjọ́ tí kò fi sí níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní, tí ó sì padà dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 25, ìyá rẹ̀ ní Kétu yóò ka ọjọ́ 21. Lójú Home Office, ọjọ́ 19 ni.

Ká mú obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ó padà ní ọjọ́ 22 oṣù kejì. Ọjọ́ 42 nìyẹn. Ìyá rẹ̀ wá ṣàìsàn. Ó tún gbéra ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ó padà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 55 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 97. Bí ó bá mú ìwé rẹ̀ lọ ní oṣù kẹwàá, ó ti fi ọjọ́ 7 kọjá ààlà. Òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Home Office sábà máa ń fojú fo ọjọ́ tí kò bá ju 100 lọ nínú oṣù 12 ìkẹyìn, tàbí 480 nínú ọdún 5. Ṣùgbọ́n ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Bí obìnrin yìí bá ní sùúrù títí di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 21 péré ni yóò kù nínú ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí ó wọ inú oṣù 12 náà. Bí a bá fi 55 kún un, ó di 76. Sùúrù bẹ́ẹ̀ kò náni lówó. Owó ìwé náà ju mílíọ̀nù kan fáráǹkì séfà lọ, bí wọ́n bá sì kọ ìwé ènìyàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà kì í padà wá.

Faransé kò fi iye ọjọ́ dí ènìyàn mọ́ báyìí. Ọdún 5 ni wọ́n ń béèrè, wọn a sì wò ó bóyá ibẹ̀ ni aya, ọmọ àti oúnjẹ òòjọ́ ẹni náà wà. Ti Nàìjíríà le ju ti gbogbo wọn lọ: òfin ìpìlẹ̀ 1999 ń béèrè ọdún 15 láìdáwọ́dúró, tàbí oṣù 12 láìdáwọ́dúró, pẹ̀lú àpapọ̀ ọdún 15 nínú ogún ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀ràn ọmọdé ni ó dunni jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìfẹ́ ni ó ń fà á. Òbí tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó sinmi ní Lọ́ńdọ̀nù a máa fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Kétu, kí ọmọ lè gbọ́ Yorùbá, kí ó sì mọ ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ ìbí rẹ̀, bí ìyá àti bàbá rẹ̀ kì í bá ṣe ọmọ ibẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tíì gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke. Òfin fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pé ọdún 10, tí kò sì lò ju ọjọ́ 90 lọ lẹ́yìn odi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ọdún mẹ́wàá náà, ó ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òfin wí. A kò lè fi ọdún tí ọmọ kò rìn rárá dí ọdún tí ó lo oṣù 4 lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìjọba lè fojú fo ó, òbí sì lè gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 18, kí ọ̀nà mìíràn là. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìyá àgbà tí ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ṣe oṣù kan sí i kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìwé àṣẹ láìní gbèdéke pàápàá ní gbèdéke tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní in, tí ó sì wá sílé wá kọ́lé, tí ó lo ju ọdún 2 lọ láìpadà, ìwé náà ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àyè kí ó tó wọlé.

Ìwé tí àlejò ń kọ láti di ọmọ ibẹ̀ ń béèrè gbogbo ìrìn àjò tí ó rìn láàárín ọdún 5, ọjọ́ tí ó lọ àti ọjọ́ tí ó dé. Gẹ̀ẹ́sì kì í lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà ẹni tí ń jáde lọ. Ẹni tí ó bá sì balẹ̀ sí Èkó, tí ó gun alùpùpù gba Ìlárá wọ Kétu, òǹtẹ̀ Nàìjíríà nìkan ni ó lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá rántí ọjọ́ ìrìn àjò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn?

Ìyá tí ó ti kọ́ láti kọ èdè rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Ìwé àjákọ kékeré kan tó: orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí ó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ọjọ́ tí ó padà dé ibẹ̀. Kí ó má ṣe kọ ọjọ́ tí ọmọ jáde ní Kétu sí ipò ọjọ́ tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ lè sùn ní Èkó, ọkọ̀ òfuurufú sì lè gbéra lóru kí ó balẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ọmọ bá tẹlifóònù pé òun ti dé, ọjọ́ yẹn ni kí ìyá kọ.