Kí Ẹ Tó Ra Ojú Kọ̀ǹpútà Tuntun Fún Ọmọ Tí Ń Gbá Géèmù

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu, nítorí wọn yóò ní kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú ọjà kọ̀ǹpútà. Ó kàn mí, ẹ ó sì rí i bí ó ṣe kàn mí.

Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Orí ni ó ń fọ́ ọmọ náà. Láàárín oṣù méjì ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ibà níbẹ̀. Mo wá bi í pé, "Ìgbà wo ni orí yìí máa ń fọ́ ọ?" Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn pé, "Lálẹ́ ni, mà, bí mo bá ti gbá géèmù tán." Ìyá rẹ̀ ké pé, "Ẹ gbọ́ o, Nọ́ọ̀sì! Ohun tí mo ń wí nìyẹn! N ó sọ kọ̀ǹpútà yẹn sí títì!" Ọmọ ní ara kọ̀ǹpútà kò ní nǹkan kan, ojú rẹ̀ ni kò dára, òun sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra òmíràn.

Mo ní kí ìyá fara balẹ̀. Mo mú ọmọ náà dúró ní mítà mẹ́fà sí pátákó lẹ́tà tí a fi ń yẹ ojú wò. Ìlà kẹta ni ó kà dé, kò lè ka èyí tí ó tẹ̀lé e. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ nílé, nítorí ẹni tí kò bá rí ọ̀ọ́kán a máa sún mọ́ nǹkan ni, àwọn ará ilé a sì rò pé àfẹ́jù géèmù ni ó ń mú un fi imú kan kọ̀ǹpútà. Mo kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú, wọ́n sì fún un ní awò. Bí ó bá ra mọ́nítọ̀ tí ó wọ́n jù lọ ní gbogbo ìlú láìní awò yẹn, orí náà ìbá ṣì máa fọ́. Nítorí náà, kí owó tó jáde lápò, ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú ọmọ wò.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò parọ́ pẹ̀lú. Mọ́nítọ̀ rẹ̀ kò dára: tòkunbọ̀ ni, ó ń ṣẹ́jú, orí àpótí gíga ni wọ́n gbé e lé, fèrèsé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó yẹ kí òbí mọ̀ kí olóhùn dídùn kan tó tà wọ́n ní ohun tí wọn kò nílò.

Àwòrán tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà kì í rìn rárá. Àwòrán tí ó dúró ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa fi ń rò pé ó ń rìn. Iye ìgbà tí ó ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń kọ sára páálí pé 60 Hz, 144 Hz tàbí 240 Hz. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, mọ́nítọ̀ 60 Hz ń lo nǹkan bí 17 kí àwòrán mìíràn tó dé, ti 144 Hz ń lo nǹkan bí 7, ti 240 Hz ń lo nǹkan bí 4. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ó kúrò ní 60 bọ́ sí 144 jèrè 10, ẹni tí ó tún ti 144 lọ sí 240 kò jèrè ju 3 lọ, owó ńlá ni yóò sì san sí i. Fún ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ń sá eré mọ́tò nínú géèmù, 144 tó o. Kọ̀ǹpútà tí kò sì lè ya ju àwòrán 60 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní tìtorí mọ́nítọ̀ tuntun di alágbára.

Ohun tí ó ṣe ọmọ tèmi nìyí, ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́. Ó ra 144 Hz, ó ń yangàn kiri àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó wá wò ó tí ó ní 60 ni ó ń lò láti ọjọ́ yìí! Kọ̀ǹpútà tí ń lo Windows sábà máa ń fi í sí 60, àfi bí ènìyàn bá wọ Settings, tí ó tẹ Display, tí ó tẹ Advanced display, tí ó sì yan nọ́ḿbà tí ó fẹ́. Wáyà náà ń kọ́? Wáyà HDMI àtijọ́ lè má gbé e. DisplayPort ni mo fẹ́ràn fún kọ̀ǹpútà. PlayStation 5 àti Xbox Series X, tí wọ́n jáde ní 2020, HDMI ni wọ́n ń lò, wọn kò sì ju 120 Hz lọ, nítorí náà 240 kò wúlò fún wọn.

Ti títóbi ńkọ́? Láti igun dé igun ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Àwọn àmì kéékèèké ni ó para pọ̀ di àwòrán. 1920 × 1080 jẹ́ mílíọ̀nù 2 ó lé díẹ̀. Lójú ínǹṣì 24, àmì wọ̀nyí ṣù mọ́ra, lẹ́tà sì ń hàn kedere. Bí ẹ bá tẹ́ iye kan náà sórí ínǹṣì 27, wọn a fọ́n ká, lẹ́tà a máa ṣe wúruwùru, ọmọ a sì máa fún ojú pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ 27, kí ó ra 2560 × 1440, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí káàdì àwòrán yóò ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ bi ọmọ yín léèrè irú káàdì tí ó ní kí ẹ tó sanwó.

Gíláàsì IPS ni mo máa ń sọ fún àwọn òbí, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà bí a bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. OLED lẹ́wà púpọ̀, ó sì yá, ṣùgbọ́n àwòrán tí ó bá pẹ́ jù lójú kan lè fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀.

Àwọn mìíràn sì ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé a mọ̀: bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù, ńṣe ni wọ́n ń tan tí wọ́n ń kú kíákíá, orí a sì máa fọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹ bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ibòmíràn, ẹ ní kí wọ́n tan án, kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ kù, kí ẹ sì fi kámẹ́rà fóònù wò ó. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tí ń sáré kọjá, ẹ gbé e padà fún wọn. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ tilẹ̀ wò jù lọ.

Wọn yóò tún fẹ́ ta awò tí ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù fún yín. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, American Academy of Ophthalmology, kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á. Ohun tí ń mú ojú ta ni pé ẹni tí ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ, omi ojú a sì gbẹ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí ọmọ wo ohun tí ó tó mítà 6 sí i fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí mọ́nítọ̀ jìnnà tó apá kan, kí òkè rẹ̀ má ga ju ojú ọmọ lọ, kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mú bébà funfun sún mọ́ ọn: bí ó bá mọ́lẹ̀ ju bébà lọ, ẹ dín in kù.

Ilé tí ọmọ rẹ̀ bá ní wárápá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní December 1997, ní Japan, eré Pokémon kan lórí tẹlifíṣọ̀n ń kọ pupa àti búlúù mànà-mànà, ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn sì ju 600 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní wárápá tẹ́lẹ̀. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má gbá géèmù nínú òkùnkùn, kí ó má sì sún mọ́ mọ́nítọ̀ jù. Bí gìrì bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ra ínǹṣì 24, 144 Hz. Ìyá rẹ̀ wá béèrè ohun tí wọn yóò fi àtijọ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ oníkùn ńlá ti ayé ọjọ́un, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé fọ́ ọ ṣeré: òjé wà nínú gíláàsì rẹ̀, iná sì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Ẹ má sun ún lórí ààtàn. Ẹ gbé e fún àwọn tí ń gba ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n mọ bí a ti ń tú u.