Ṣé O Mọ̀? Òròmọdìyẹ Tó Há Sínú Ẹyin

Ṣé o mọ̀ pé òròmọdìyẹ lè dá ihò lu èèpo ẹyin, kó wá dákẹ́ fún wákàtí 12, kódà kó tó wákàtí 24, láìsí ohun tó ṣe é? Ìdákẹ́ yẹn ló máa ń já ọlọ́sìn láyà. Á ní ọmọ ti há, á fi èékánná ká èèpo kúrò, ẹ̀jẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ọmọ tí ì bá jáde fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ á wá kú sí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tó dákẹ́ yẹn? Ní gbogbo ọjọ́ tó ti ń dàgbà nínú ẹyin, kò fi ẹ̀dọ̀fóró mí rí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ inú èèpo, ló ń bá a gba afẹ́fẹ́ wọlé. Nígbà tó bá kù bí ọjọ́ kan tàbí méjì kó jáde, á kọ́kọ́ fi àgógó la awọ tó pààlà sáàárín òun àti àlàfo afẹ́fẹ́ tó wà níhà ibi tí ẹyin ti tóbi. Ibẹ̀ ló ti mí èémí àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò pọ̀. Bó ṣe ń tán lọ, tí èyí tó ń mí síta ń kún ibẹ̀, ni iṣan ọrùn rẹ̀ ń ta, tí yóò fi máa kan èèpo títí á fi lu. Ìgbà náà ló máa ń sinmi, kí ẹ̀jẹ̀ inú awọ yẹn lè padà sí ara rẹ̀, kí pupa ẹyin tó ṣẹ́kù sì lè gba ojú ìdodo wọ inú ikùn rẹ̀ tán. Bí o bá ya awọ náà kí èyí tó parí, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lo ń dà nù, àpò pupa ẹyin á sì wà níta ikùn rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ó gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ wá? Góńgó funfun kékeré kan wà lórí àgógó rẹ̀, òun ló fi ń lu èèpo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bá jáde, á já bọ́. Iṣan kan tún wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ tó wú fún iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí ọrùn òròmọdìyẹ tuntun fi máa ń rí bọ̀tọ̀. Èèpo pàápàá kò le tó bó ṣe le ní ọjọ́ tí wọ́n yé e, torí ọmọ ti fa lára kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kọ́ egungun.

Tó bá sinmi tán, á máa yí díẹ̀díẹ̀, á máa gé èèpo yípo, lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí tí o bá wò ó láti ibi tó tóbi, títí ìdérí á fi ṣí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó wà nínú ẹyin ń gbọ́ ara wọn? Margaret Vince, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cambridge, fi ẹyin àparò ṣèwádìí ní àwọn ọdún 1960. Ó rí i pé tí ẹyin bá fara kanra, ìró tí ọmọ kan ń dún nínú tirẹ̀ máa ń mú kí àwọn tó ti rẹ̀yìn yára, tí gbogbo wọn á sì jáde láàárín wákàtí díẹ̀ síra wọn. Àgbébọ̀ tó ń sàba náà máa ń fi ohùn ìsàlẹ̀ dá àwọn ọmọ rẹ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n kì í sábà bá wọn la ẹyin.

Ṣé o mọ ìyá tó ń ṣe é? Ọ̀nì odò Náìlì ni. Bó bá gbọ́ igbe ọmọ lábẹ́ ilẹ̀, á hú ìtẹ́, á fi ẹnu gbé ẹyin tí kò tíì là, á rọra yí i láàárín ahọ́n àti àjà ẹnu títí èèpo á fi fọ́. Ẹnu kan náà tó fi ń fọ́ egungun ẹran ni! Ẹyẹ malleefowl ti ilẹ̀ Ọsirélíà kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: lábẹ́ òkìtì ni ọmọ rẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ fọ́ ẹyin, á sì wa ara rẹ̀ jáde láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́.

Ṣé o mọ ohun tó sábà ń fa kí ọmọ há lóòótọ́? Ọ̀dá omi nínú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀rọ ìpamọ, èyí tí ọlọ́sìn ń pè ní ìnkubétọ̀, nílò nǹkan bí ìdá 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rinrin fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, kó wá tó 65 sí 70 ní ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí o bá ṣí i láti yọjú wò ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ọ̀rinrin ń bọ́ sóde. Awọ inú ẹyin tó ti lu á gbẹ, á fún mọ́ ọmọ lára, á le bí awọ ìlù, kò sì ní lè yí mọ́. Nígbà ọyẹ́, tí ètè tiwa pàápàá ń la, ewu yìí pọ̀ sí i gidigidi. Omi àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀: ẹyin tó wọn gíráàmù 60 yẹ kó ti pàdánù bíi gíráàmù 7 tàbí 8 kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ú, bí kò bá fọn tó bẹ́ẹ̀, àlàfo afẹ́fẹ́ á kéré, ọmọ sì lè rì sínú omi ẹyin.

Iná tó lọ kò burú tó bí a ṣe rò, tó bá jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ọmọ tó ti tóbi nínú ẹyin ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Fi aṣọ bo ẹ̀rọ, fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, má ṣí i.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹyin tí wọ́n ní ó "há" ni ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé? Ti adìyẹ ni ọjọ́ 21. Tòlótòló ń gba nǹkan bí 28, ẹtù 26 sí 28. Pẹ́pẹ́yẹ tó pọ̀ jù ní agboolé wa ń gba bíi 35, àwọn kan sì ti ń dà á nù ní ọjọ́ 30!

Ṣé o mọ ìgbà tó yẹ kí o fọwọ́ kàn án? Bí ihò bá ti lu fún wákàtí 24 tí kò fẹ̀ sí i, tàbí tó ti gé èèpo dé ìdajì tó sì dúró fún wákàtí púpọ̀, tí awọ etí ihò ti di búráùn tó sì gbẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nítorí náà má kánjú. Fọ ọwọ́. Fi òwú tó rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pa awọ náà, má jẹ́ kí omi kan ihò imú rẹ̀. Ká èèpo níbi àlàfo afẹ́fẹ́ nìkan, díẹ̀díẹ̀. Awọ tó bá ti rin á jẹ́ kí o rí inú: bí iṣan pupa bá ṣì wà níbẹ̀, dúró, dá a padà sínú ẹ̀rọ, ó di wákàtí díẹ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, fi òwú mímọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí iṣan bá ti ṣófo, rọra ṣí awọ kúrò lójú àti lórí rẹ̀, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Má fà á jáde láé. Títa tó ń ta ẹsẹ̀ láti jáde ń ṣe é láǹfààní, ó sì ń fún ìdodo rẹ̀ ní àyè láti pa.

Má sì ju ẹyin tó ti lu sínú omi láti wò bóyá ọmọ ṣì wà láàyè. Rírì ni yóò rì.

Ṣé o mọ̀ pé òròmọdìyẹ tuntun lè wà láìjẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta? Pupa ẹyin inú ikùn rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, òun ló jẹ́ kí wọ́n lè fi páálí kó ọmọ ọlọ́jọ́ kan láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Fi ti ọwọ́ rẹ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kó gbẹ, kó sinmi. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ya, fi báńdéèjì tín-ín-rín so méjèèjì jọ fún ọjọ́ díẹ̀, kó máa rìn lórí ohun tí kò yọ̀.

Bí o bá ní ẹyin nínú ẹ̀rọ lọ́wọ́lọ́wọ́, lọ bu omi sí i kí ọjọ́ 18 tó pé. Kọ aago tí o kọ́kọ́ rí ihò lára ẹyin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì jọ̀ọ́, jẹ́ kí wákàtí 24 pé.