Ohùn Gìtá Tí Kò Bo Ohùn Gángan

Bí gìtá bá ń bú ramúramù níbi ìnáwó ní ìgboro Èbúté Mẹ́ta, tí onígángan sì ń ki olówó ìnáwó, èwo ni etí yóò gbọ́? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ olórin tí ó fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì bi ara rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan áńpù.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè ti bẹ̀rẹ̀ sí so ẹ̀rọ mọ́ gìtá nínú orin jùjú. Ní 1973, ẹgbẹ́ BLO gbé àwo Chapter One jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ St. Gregory's College, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀, sì gbé Try and Love jáde. Gìtá tí ohùn rẹ̀ há wà nínú àwo méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn olórin post-grunge sọ ohùn náà di ohun tí ó nípọn bí ògiri.

Kí ni ó ń mú ohùn há? Ó ní ibi tí agbára áńpù mọ. Bí a bá yí bọ́tìnnì gain kọjá ibẹ̀, orí ìgbì ohùn yóò gé pẹrẹsẹ. Nípa gígé yìí ni àwọn ohùn mìíràn fi ń yọ lórí ti àkọ́kọ́. Títa pẹ̀lẹ́ àti títa kíkan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ohùn yóò sì pẹ́ kí ó tó kú. Bí a bá ta ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, wọn a máa forí gbárí. Ìdí nìyí tí àwọn onírọ́ọ̀kì fi sábà ń ta méjì péré, ohùn ìpìlẹ̀ àti ìkarùn-ún rẹ̀.

Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀. Gìtá tí kì í sinmi kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kí olórin dín gain kù títí ìró ìtawọ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi yàtọ̀. Kí ó dín bass kù, nítorí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù ńlá ni wọ́n ni ibẹ̀. Kí ó má ṣe pa middle: ẹni tí ó pa á yóò gbádùn ohùn rẹ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n láàárín ẹgbẹ́ kò ní gbọ́ ara rẹ̀, yóò sì tún yí volume sókè. Bí gángan bá gba ọ̀rọ̀, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn gìtá.

Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro. Kí onígángan lu oríkì kan nígbà tí gìtá ń dún. Bí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá bá lè fi ẹnu pe oríkì náà, gìtá wà ní ààyè rẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ọ, olówó ti náwó lásán, a kò mọ ẹni tí a kì.